Kànga Kò Gbẹ, Bọ́sẹ̀dé

Ẹ̀yìn Adébáyọ̀,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó mú.

Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi,

Kànga kò gbẹ. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná kí n tó kí ọ, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, màá máa kí ọ lọ ni. Màá béèrè àlàáfíà Dàpọ̀ ọkọ rẹ, màá béèrè bóyá ooru Ṣókótó ti rọlẹ̀, bébà á sì tán láìjẹ́ pé mo sọ ohun tó mú mi jókòó tì í. Omi wà nínú kànga wa. Láàárọ̀ yìí gan-an mo fa garawa mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ ló mọ́ gaara.

Nígbà tí o pè mí ní Sátidé, o ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ wá sílé. Mi ò tíì mọ ìgbà tí màá padà." Mo dá ọ lóhùn pé kànga ti gbẹ, pé ọlọ́kọ̀ omi ló ń bá wa pọn omi, pé ooru Adó ọdún yìí kò ṣeé fara dà, pé kí o ní sùúrù kí òjò rọ̀ ná. Lẹ́yìn náà o ní, "Ẹ ṣé, mà." O sì pa fóònù. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ, o ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Irọ́ ni mo pa fún ọ. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe tíṣà, tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ tí kò tó èyí. Mo ti gbìyànjú láti pè ọ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí o bá ti ní "Hẹlóò, mà," ẹnu mi á kún fún ọ̀rọ̀ mìíràn, màá máa béèrè ohun tí o sè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Tóyìn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ń bọ̀ wá wo ọmọ rẹ̀ ní Ṣókótó lọ́jọ́ Ọjọ́rú, òun ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, pẹ̀lú agbálùmọ̀ díẹ̀. Agbálùmọ̀ ọdún yìí dùn. Mo tọ́ ọ wò kí n tó dì í. Mo tún tọ́ ọ wò, àpò náà kò sì kún mọ́, má bínú.

Jẹ́ kí n sọ bí ilé ṣe rí fún ọ. Bí mo bá jí, mo máa ń gbá eruku àná kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, eruku tòní á ti wọlé. Tó bá fi máa di agogo mẹ́wàá, àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró ní oríta á ti fi ojú oòrùn sílẹ̀, wọ́n á tò sábẹ́ igi máńgòrò ìta wa, ẹni tó bá fẹ́ gun ọ̀kadà á wá bẹ̀ wọ́n níbẹ̀. Páànù ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́ kọ́ kọ́. Àpáta ẹ̀yìn ilé yẹn, tí ẹ máa ń sáré gùn ní kékeré, kò ṣeé fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Iná kì í dúró, fáànù kàn ń wò mí láti òkè ni.

Bó bá di agogo méjì ọ̀sán, mo máa ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí sìmẹ́ńtì ti tutù yẹn, níbi tí o máa ń da ikùn délẹ̀ sí tí mo máa ń pariwo pé òtútù á wọ̀ ọ́ láyà. Ẹní ńlá ni mo ń tẹ́. Ó ti mọ́ mi lára. Màá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀, màá wá rántí pé èmi nìkan ló wà nílé. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ìwọ lo kù tí mò ń bá jókòó níbẹ̀, nígbà tí o sì lọ́kọ ní oṣù méje sẹ́yìn, mo jó, mo sì kọrin. Wọn ò sọ fún mi pé ọ̀sán máa ń gùn tó báyìí.

Àárò rẹ ń sọ mí. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí o tó ka èyí tó kù.

Ṣáájú Sátidé, ìwọ náà ti ro ẹjọ́ tìrẹ fún mi lórí fóònù. O ní Dàpọ̀ kì í sọ̀rọ̀ mọ́. O ní ó ń ti ibi iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe dé, eruku á kún irun rẹ̀, á bu omi sára, á jẹun, á sùn. O ní bí o bá bi í pé báwo ni iṣẹ́, á ní, "Ó dáa." O ní nígbà tí ìwé iṣẹ́ tìrẹ kò sì tíì jáde, ògiri ni o ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wàyí o, fún mi láyè kí n sọ ti èmi, torí mo ti sá kúrò nílé ọkọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn rí, o ò sì gbọ́ ìtàn náà rí.

Ìgbéyàwó wa kò tíì pé ọdún kan. Bàbá rẹ ń ṣe tíṣà ní Ìyìn, ilé bàbá wọn la sì ń gbé. Ọmọ akọ̀wé ni mí, inú Adó níbí ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo mọ ìwé kà, mo mọ aṣọ lọ̀, mo sì mọ bí a ṣe ń gún iyán tí kò ní kókó. Oko ni mi ò mọ̀. Iṣu tí mo mọ̀ ni èyí tó bá ti wọ ilé ìdáná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá rẹ kó tíṣà mẹ́ta wálé láìsọ fún mi. Kò sí iṣu nínú ilé, oòrùn sì mú débi pé ajá gan-an kò jáde. Mo wọ ẹ̀yìnkùlé, mo rí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n kó jọ sábẹ́ igi ọsàn. Mo ṣí i. Iṣu kéékèèké ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n dáadáa, àwọn mìíràn ti ń hu díẹ̀. Mo ní àwọn ará ilé yìí mà gbàgbé iṣu síbí! Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi. Mo kó apẹ̀rẹ̀ kan, mo bó o, mo sè é, mo gún un. Àwọn tíṣà jẹ ẹ́, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n ní bàbá rẹ mọ ìyàwó fẹ́.

Èbù ni, Bọ́sẹ̀dé. Èbù tí bàbá ọkọ mi fi pa mọ́ kúrò lójú oòrùn láti gbìn bí òjò bá rọ̀ ni. Mo ti gún oko ọdún náà fún àlejò.

Bàbá ti oko dé bá wa lórí oúnjẹ. Wọ́n fọwọ́, wọ́n jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ojú wọn wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n rí imọ̀ ọ̀pẹ tí mo ṣí sílẹ̀. Wọ́n jẹ òkèlè ẹnu wọn tán. Wọ́n ní, "Uyán rẹ dùn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èbù ọdún yí la jẹ." Wọ́n dìde, wọ́n lọ bo èyí tó ṣẹ́kù. Bàbá rẹ ló bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí ọmọ akọ̀wé! Ó ti jẹ oko wa tán!" Àwọn tíṣà náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo kó àwo wọlé, mo sì sunkún sínú abọ́ ọbẹ̀.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé: béèrè. Ká ní mo béèrè lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan nínú agbo ilé yẹn pé kí ni èyí, ọmọ ọdún márùn-ún ibẹ̀ á ti sọ fún mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mi ò mọ̀. Ìwọ náà ti dá ara rẹ lóhùn pé ọ̀rọ̀ rẹ ti sú Dàpọ̀. Ta ló sọ fún ọ? Ṣé òun ni? Ọkùnrin tó dúró lórí ọ̀dà gbígbóná láti àárọ̀, ó lè jẹ́ pé oòrùn ló ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sí níbẹ̀. Bi í. Bi í ju "báwo ni iṣẹ́" lọ.

Ìkejì. Má bá a sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo láti ọ̀sán títí tó fi máa wẹ̀. "Ẹ kú oòrùn" ni kí o sọ, gbé omi fún un, kí o fi í sílẹ̀. Tètè dáná kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ilé ìdáná má bàa dá kún ooru yín. Ra àmù. Mo mọ̀ pé ẹ ní fíríìjì, ṣùgbọ́n fíríìjì tí kò ríná lò, àpótí ni. Gbé àmù náà sórí iyanrìn tútù níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, rọ omi sí i nírọ̀lẹ́, wàá rí i bó ṣe máa tutù láàárọ̀. Rẹ aṣọ ìró kan sínú omi, fi kọ́ ojú fèrèsé. Kí o sì rí i dájú pé ẹ dé àmù náà.

Torí àmù ni èmi àti bàbá rẹ fi lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìbá ara wa sọ̀rọ̀. Ìwọ kò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ nígbà náà. Ọmọńlé kan kú sínú omi mímu wa, mo sì sọ fún bàbá rẹ pé àwọn ni wọ́n ṣí i sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kọ́. Mo ní ta ni nígbà náà, ṣé ọmọ ọwọ́ ni? Ooru ló mú wa méjèèjì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọńlé. Ọ̀sẹ̀ kan! Èmi a gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ tábìlì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mò ń rọ omi sínú àmù lọ́jọ́ kan, mo wá rántí kedere pé èmi ni mo bu omi kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ ni o ń ké, mo sáré lọ gbé ọ. Mo rò ó pé màá sọ fún wọn, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo ń fi í falẹ̀. Mo rò pé àyè wà. Bọ́sẹ̀dé, mi ò sọ fún wọn títí wọ́n fi kú. Bí o bá jẹ̀bi nínú ohunkóhun, kódà bó kéré, sọ fún ọkọ rẹ nígbà tó ṣì lè gbọ́ ọ, tó sì lè fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Mi ò rántí nọ́ńbà tí mo ka ìmọ̀ràn dé mọ́. Jẹ́ kí n padà sí ìtàn èbù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá rẹ lọ síléèwé, tí bàbá wọn sì lọ sóko, mo di báàgì, mo wọ mọ́tò wá sí Adó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn lábẹ̀bẹ̀. Opó ni wọ́n, èmi nìkan sì ni ọmọbìnrin wọn. Wọ́n wo báàgì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ulé rẹ rèé. Jókòó." Wọn ò béèrè nǹkan kan. Ọmọ mi, bó ṣe dùn mọ́ mi nínú! A ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ lọ́sàn-án, a ń jẹ ẹ̀kọ tútù, wọ́n ń di irun mi, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń di òmíràn. Mo fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ di oṣù.

Bàbá rẹ wá. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, mo gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n kí ìyá mi, wọ́n ní àwọn wá bẹ̀ mí. Ìyá mi ní, "Ó ti lọ sí Ìkẹ́rẹ́." Mi ò lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ìkẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi. Mo dúró síbẹ̀, mo ń retí kí ẹsẹ̀ mi gbé mi jáde, kò gbé mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ẹ ṣé, mà." Wọ́n tún wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá mi tún ní mi ò tíì dé. Wọ́n tún ní, "Ẹ ṣé, mà," ohùn wọn sì ti yàtọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò wá mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, wọn ò wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti Ìyìn wá sọ fún mi pé àwọn ènìyàn ti ń bi bàbá rẹ pé ta ni wọ́n fẹ́ fẹ́.

Ẹni tó wá níkẹyìn ni bàbá ọkọ mi. Àgbà tí kì í fi oko sílẹ̀ nígbà ìgbìn ni o. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n ní, "Èbù tó ṣẹ́kù, a ti gbìn ín. Usu á ta. Mo wá mú ẹni tó máa gún uyán rẹ̀." Kí ìyá mi tó dárúkọ Ìkẹ́rẹ́, mo ti jáde.

Ìyá mi di ẹrù mi. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó sọ fún mi pé oṣù mélòó kan yẹn ló dùn mọ́ àwọn jù láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, pé bí àwọn bá gbọ́ tí bàbá rẹ ń kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rù olè ló ń ba àwọn. Mo bínú sí wọn nígbà náà. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ fẹ́ ba ilé mi jẹ́." Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn kò sì lè jáwọ́.

Ṣé o wá rí ìdí tí mo fi sọ pé kànga gbẹ? Bí o ṣe ní o fẹ́ wá, tí o ní o ò mọ ìgbà tí wàá padà, nǹkan kan fò sókè nínú mi. Kì í ṣe àníyàn o. Ayọ̀ ni. Mo ti ń ro ibi tí a ó tẹ́ ẹní sí, mo ti ń ro irun tí màá dì fún ọ. Mi ò bi ọ́ pé kí ni Dàpọ̀ ṣe. Ayọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí, mo sì yára ti ilẹ̀kùn kí n má bàa di ìyá mi. Ìwọ rò pé mi ò fẹ́ rí ọ.

Ohun kan ṣì wà. Bó bá jẹ́ pé Dàpọ̀ gbé ọwọ́ sókè sí ọ, tàbí pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́ nínú ilé ara rẹ, ṣe ni kí o pa lẹ́tà yìí dé báyìí, kí o wọ mọ́tò. Má dágbére fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ìmọ̀ràn mi kankan tó kan ìyẹn.

Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ pé ooru ni, àti ìdákẹ́jẹ́, àti àárò ilé, máa bọ̀ bákan náà. Ṣùgbọ́n má ṣe é bí èmi ti ṣe é. Jókòó ti Dàpọ̀ lẹ́yìn tó bá wẹ̀ tán, sọ fún un lójúkojú pé o fẹ́ lọ wo ìyá rẹ, sọ ohun tó ń dùn ọ́ fún un, kí o sì gbọ́ tẹnu òun náà. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ dá ọjọ́ tí wàá padà. Bó bá pè ọ́ níbí, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé fóònù. Má fi fún mi.

Tí ọjọ́ tí ẹ dá náà bá pé, mo mọ ara mi. Màá ní orí ń fọ́ mi. Màá ní ooru ti mú jù fún ìrìn-àjò, kí o dúró di Sọ́ńdè kí a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí o wá lọ lọ́jọ́ Ajé. Má bá mi jiyàn, torí wàá pàdánù. Má sì jókòó padà. Kàn gbé báàgì rẹ, kúnlẹ̀ kí n súre fún ọ, kí o sì máa lọ sí gárèèjì. Bí mo bá ń sunkún, jẹ́ kí n sunkún, kò ní pa mí. Má wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá, ọmọ mi. Kọ́kọ́ wá ná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.